Ẹyin Kẹfà

Kọ̀yà fi èékánná àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹyin náà láti ìdí. Kò kánjú. Ó ń to èèpo rẹ̀ sórí orúnkún, ó fẹ́ ẹyin náà lẹ́nu, ó tì í bọ iyọ̀, ó gé ìdajì rẹ̀ jẹ, ó fi ìyókù sínú àwo. Ọmọ rẹ̀, Ọlálérè, di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀.

Morádéún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ̀n kọ́ ọ léjìká. Ẹyin mẹ́fà ló gbé wá sí yàrá yìí lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan fún ọmọ náà lójúmọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyí.

"Ṣé ìkẹyìn nìyẹn?" ó bi Phoebe, ìyá ọmọ náà.

Phoebe kúnlẹ̀. "Òun ni, mà. Ẹ ṣeun, mà."

"Mélòó ni ọmọ jẹ níbẹ̀?"

Phoebe wo ọkọ rẹ̀. "Omi tí mo fi sè é ni mo fi ń po ẹ̀kọ fún un, mà. Kí agbára rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ lára, kó má mọ adùn rẹ̀."

 

Láti ọdún 1968 ló ti ń ti ojúlé dé ojúlé ní Ajégúnlẹ̀, ọdún karùn-ún rèé. Á gbé ọmọ kọ́ ìwọ̀n, á sì sọ ohun kan náà: ẹyin, ẹ̀wà, edé lílọ̀ nínú ẹ̀kọ. Nọ́ọ̀sì Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìjòrà Badia ni wọ́n bí i sí, lẹ́bàá rélùwéè, ọmọ karùn-ún nínú mẹ́jọ. Mẹ́ta ló kù. Ó ti gbọ́ "a ó ṣe bẹ́ẹ̀, mà" tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rùn sí i.

Ọlálérè ti pé ọdún méjì àbọ̀. Kò ga ju ọmọ ọdún kan lọ, kò sì tíì rìn. Morádéún ti sọ fún Phoebe pé bí ọmọ náà bá fi báyìí pé ọdún mẹ́ta, yóò ṣòro kí gíga tó sọnù náà tó padà.

"Bàbá Ọlálérè," ó wí, "ọmọ ni mo gbé ẹyin yẹn wá fún."

"Èmi ni mò ń ru sìmẹ́ǹtì ní wọ́ọ̀fù Àpápá, mà. Kí lòun ń rù?" Kọ̀yà ń jẹnu. "Ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin, olè ló máa dà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbà á sílẹ̀ ní tèṣàn?"

Ifeyinwa, aládùúgbò wọn tó ń dirun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Oga Kọ̀yà, chop am jàre! Nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ọmọ yín ṣe jàgùdà!"

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà?" Kọ̀yà ní. "Ṣé ẹ jẹ ẹyin ní kékeré?"

"Rárá."

"Ẹ ò rí i? Ẹ ò kú!"

Phoebe ti dìde; orí Morádéún kò kọjá èjìká rẹ̀. Ó wọlé, ó mú ìdajì ẹyin tó kù nínú àwo, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́."

Itọ́ ń ṣàn lágbọ̀n Ọlálérè. Ó wo ẹyin náà. Ó fi tábìlì sílẹ̀, ó jókòó, ó ń fi ìdí wọ́ lọ, ọwọ́ kan lókè kí ẹyin má baà kan ilẹ̀, títí ó fi dé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó nà án sí i.

"Ẹ wò ó!" Kọ̀yà lu itan. "Ọmọ tí a kọ́ nìyí! Ṣé ẹ rí i, mà?"

Ó tẹ̀ síwájú, ó la ẹnu, ó fi eyín gba ẹyin náà lọ́wọ́ ọmọ.

"Ó káre, ọkọ mi," Phoebe wí fún ọmọ rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ọlálérè ń lá ìka rẹ̀.

Morádéún tún ìwọ̀n èjìká rẹ̀ gbé dáadáa.

"Ẹ ò wọ̀n ọ́n lónìí, mà?" Phoebe tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ẹ máa mú òmíràn wá lọ́jọ́ Ajé?"

Morádéún ti kọjá Ifeyinwa. Ó fo gọ́tà, ó yà sọ́wọ́ òsì, ó ń lọ.