Àwọn Ọmọ Inú Ìgò Tí Mo Pọ̀n Dé Ayétòrò

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi fọ ìgò ní láàbù Dókítà ní Ìlaró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fi ọṣẹ fọ ìgò méjì títí wọ́n fi ń dán, mo wá ń retí kí wọ́n yìn mí. Àṣé ọṣẹ díẹ̀ kù sí wọn nínú, òun ló pa gbogbo ohun tí Dókítà ń sìn níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló jókòó tì mí.

"Màmá, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. Àwọn ló para pọ̀ di ara èmi àti ẹ̀yin. Nínú àrùn jẹjẹrẹ, àwọn kan wà tó jẹ́ ìyá fún ìyókù. Bí oògùn bá pa àwọn ọmọ, tí ìyá bá ṣẹ́ kù, àrùn náà á tún padà. Àwọn ìyá yẹn ni mò ń tọ́jú, kí n lè mọ ohun tó máa pa wọ́n."

Ó yé mi. Bíi koríko ẹ̀kan ni: o ro orí rẹ̀, gbòǹgbò ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, epo bẹntiróòlù di àwátì ládùúgbò wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ wa húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Àpótí tó ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ìgò méjì ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ Dókítà ní láàbù tó ń lo sólà ní Ayétòrò, àmọ́ ọyẹ́ mú, òtútù á pa wọ́n kí a tó débẹ̀. Dókítà káwọ́ lérí.

"Ẹ ní ìgbóná ara ènìyàn ni wọ́n fẹ́?" ni mo bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ gbé wọn wá." Mo mú ọ̀já.

A rọ omi oúnjẹ wọn kún ìgò dẹ́nu, a dé e pinpin, mo pọ̀n wọ́n. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fi ìwọ̀nba epo tó kù nínú ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ.

Nígbà yẹn, àwọn obìnrin ń pọn ìrẹsì fàyàwọ́ bí ọmọ. Nígbà tí aṣọ́bodè kan dá wa dúró lẹ́yìn Joga-Orílé, ẹ̀yìn mi ló ń wò.

"Màmá, ọmọ yín ò lórí?"

"Kò tíì hù."

"Ìrẹsì nìyẹn. Ẹ tú u!"

Mo tú u. Ó gbójú sún mọ́ ìgò. "Omi ni mò ń rí."

"Sẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀, sà," ni Dókítà wí.

"Ojú lásán ò lè rí wọn," mo fi kún un.

"Ẹ gbọ́ o!" ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Màmá ṣe fàyàwọ́ débi pé ojú ò rí ẹrù mọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó na ọwọ́ sí ìdérí. Dókítà kígbe. Bí ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ bá kó wọlé, ó parí nìyẹn.

"Ọmọ mi, ṣí i," mo ní. Dókítà wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bọ́ aago àti òrùka." Ó bọ́ wọn. Mo fa sípíríìtì yọ nínú báàgì. "Fọwọ́ dé ìgúnpá. Àárín ìka ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ṣé nọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe ni?" ni ẹnì kan kígbe.

"Bo imú," mo ń bá a lọ. "Má sọ̀rọ̀. Má húkọ́. Ibi tí atẹ́gùn ò sí ni kó o ti ṣí i."

Ó wò yíká. Eruku pupa ń fò, ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. "Ibo ni atẹ́gùn ò sí níbí?"

"Ayétòrò."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ máa gbọ́mọ yín lọ. Tó bá lórí, ẹ bá mi kí i."

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Ayétòrò, ẹ̀yìn aṣọ mi rin gbindin. Ojú Dókítà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Màmá, wọ́n ti jò." Ó yẹ ìgò wò, méjèèjì ṣì kún dẹ́nu. Òógùn mi ni.

Ó gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó yọjú wò wọ́n, ó wá fò sókè. "Ẹ wá wò ó!" Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fọ ìgò wọn nígbà náà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, wọ́n na apá síra wọn, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n rìnrìn àjò.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọ méje ni mo pọ̀n dàgbà, ẹ má ka àwọn ọmọ-ọmọ. Nínú gbogbo wọn, àwọn ti inú ìgò nìkan ni kò tọ̀ sí mi lẹ́yìn.