Jákẹ́ẹ̀tì Omi Tí Simbiat Rán Fún Ara Rẹ̀

Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Orégún ni Simbiat ti ń ránṣọ, àmọ́ aṣọ tí wọ́n ń rán níbẹ̀ kì í ṣe aṣọ òde. Jákẹ́ẹ̀tì omi ni, èyí tí wọ́n ń ki fóòmù sínú rẹ̀ kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ má baà rì. Láti ìgbà tí Uswat ọmọ rẹ̀ ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń rán an. Uswat ti di abiyamọ báyìí, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò kan ọ̀sà rí. Ẹ wo ayé! Ẹni tó ń rán ẹ̀wù fáwọn tó ń ṣeré lójú omi, ìwẹ̀ inú bókẹ́ẹ̀tì nílé rẹ̀ ní Agége ni gbogbo eré omi tirẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn niṣẹ́ wọn máa ń pọ̀ jù, nítorí nígbà tí oòrùn bá ń ta lórí páànù báyìí ni àwọn tó rí jájẹ máa ń sáré lọ sétí omi. Àwọn oníbàárà á fi fídíò ránṣẹ́, Peace tí wọ́n jọ ń ránṣọ á sì gbé fóònù sún mọ́ ọn. Wọ́n á rí ẹni tó gun ọ̀kadà orí omi, tí omi ń fọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á rí àwọn tó tò sórí ọkọ̀ rọ́bà gígùn, tí wọ́n ń já bọ́ sómi, tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á rí àwọn tó dúró lórí pátákó, tí ìgbì ń gbé wọn bọ̀ wá sétí òkun. Ọ̀kadà ni Peace fẹ́ràn. Èyí tó ń wu Simbiat ni ọkọ̀ tóóró ẹlẹ́nìkan, tí èèyàn á jókòó sínú rẹ̀, tí á máa fi àjẹ̀ wà á jẹ́jẹ́. Ariwo máṣíìnì, ariwo jẹnẹrétọ̀, ariwo "Ìyá Uswat, Ìyá Uswat" láti àárọ̀ dalẹ́ ti sú u. Ibi tí kò sẹ́ni tó máa pè é ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Ó sọ ọ́ fún Abdulkabir ọkọ rẹ̀, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Abdulkabir rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́.

"Kí lo fẹ́ lọ wá lójú omi? Ṣé ẹja ni ẹ́ ni?"

"Ẹja kọ́ ni mí, Bàbá Uswat. Ó kàn ń wù mí ni."

Àfi bí eré, ọ̀gá wọn kéde lọ́dún yìí pé gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ ṣe fàájì létí ọ̀sà, kí kálukú mú jákẹ́ẹ̀tì tó bá gba òun dání. Simbiat fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Àmọ́ Ọlọ́run fún un lára dáadáa, kò sì sí èyí tó gbà á nínú gbogbo ohun tí wọ́n rán. Ó bá rán tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni aránṣọ ti fi àṣà aránṣọ ba nǹkan jẹ́. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wo nínú dígí, ó rí i pé ó wú bí àpò gàrí. Kí òun tó ń rán aṣọ Iléyá fáráàdúgbò nílé wá máa rìn kiri báyìí? Ó yọ fóòmù ìhà méjèèjì, ó rẹ́ tiwájú, ó fún un níbàdí, títí ó fi bá ara mu rẹ́gí. Bó bá jẹ́ ti oníbàárà ni, kò jẹ́ yọ bíńtín níbẹ̀. Wọ́n ní bí abẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Quadri tó ń ṣọ́ àwọn èèyàn létí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ jákẹ́ẹ̀tì oníkálukú wò. Ó dé ọ̀dọ̀ Simbiat, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Mọ́mì, ta ló rán eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ó fáìn gan-an. Ṣùgbọ́n fóòmù ò tó nínú ẹ̀. Ẹ máa rì ni, mà."

Wọ́n gbé òmíràn, kò pàdé láyà. Wọ́n wá gbogbo ibẹ̀, kò sí èyí tó gbà á. Quadri ń bẹ̀ ẹ́ ṣáá, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Simbiat jókòó sórí yanrìn. Peace ń pariwo ayọ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ tóóró kan sì wà ní síso, tí omi ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ó fi híjáàbù bojú, ó sunkún.

Ní Mọ́ńdè, ó gbàyè lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó rán òmíràn. Ó ki fóòmù sí i dé ojú àmì, kò fún un níbì kankan. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa lọ? Ọ̀gá ní ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá ṣe é. Ó gbé e wálé, ó fi kọ́ ògiri.

Abdulkabir ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí i.

"Ó tóbi o."

"Bí mo ṣe tóbi nìyẹn."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án.

"Tí mo bá wọ irú eléyìí, mi ò ní rì?"

"Ẹ ò ní rì."

"Ó dá ẹ lójú?" Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ̀rù omi ló ń bà mí láti kékeré, Ìyá Uswat. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó yíjú sí i, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fa ikùn sínú. Simbiat mú okùn ìwọnṣọ, ó yí i ká a láyà.

"Ẹ tú ikùn yín sílẹ̀, Bàbá Uswat," ó ní. "Bí ẹ ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ wọ̀n."