Ìlà Kẹta ní Orí Kẹsàn-án

Àgbàdo sísè ni a jẹ ní ọ̀sán ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ìyàwó mi a máa jẹ àgbàdo ní ìlà-ìlà. Yóò jẹ ìlà kan láti orí dé ìdí kó tó bọ́ sí èkejì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣùkù náà á sì mọ́ bí ẹni fi rúlà fá a. Èmi a máa bu tèmi jẹ kiri ni. Ó wo ṣùkù ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá ilé, bí ẹ bá kọ ìṣirò báyìí, ta ló máa kà á?" Ó fi ìdajì tó kù sínú àwo, ó nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, nítorí iná ti dé.

Ìwé ìṣirò ni a jọ ń ṣe, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Èmi ni mo ń fi bírò kọ ọ́, òun ló ń tò ó sínú kọ̀ǹpútà. Kíláàsì ìṣirò kan náà la ti pàdé nígbà èwe wa, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ọ̀tà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tí mo mọ̀ nínú ìwé yẹn tí òun kò mọ̀. A kàn pín iṣẹ́ ni, bí tọkọtaya ṣe ń pín iṣẹ́: ọ̀kan a gbálẹ̀, èkejì a fọ abọ́. Yàrá iwájú ilé wa ní Jójú ni ibi iṣẹ́, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn bọ́ọ̀sì tó ń já àwọn òṣìṣẹ́ Àgbárá sílẹ̀, tí òórùn ọṣẹ iléeṣẹ́ kan sì máa ń bá atẹ́gùn wọlé.

Mo ń kọ́ni ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ lágbègbè wa. Nígbà náà, ìjọ tí kò bá tíì ní yunifásítì, ó ń gbàdúrà fún un ni. Oko ẹ̀gẹ́ á di ọgbà ilé-ìwé láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan. Géètì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́, pẹ̀lú kìnnìún onísìmẹ́ǹtì méjì lórí rẹ̀. Ilé ìkàwé ni wọ́n máa ń kọ́ kẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá ṣẹ́kù.

Ìwé tí àwa olùkọ́ ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ bá géètì náà mu. Ẹnìkan nínú wa a máa fi fóònù ya fọ́tò ìdọ́gba ìṣirò inú ìwé oníwèé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú tirẹ̀. Ọ̀kan á tóbi bí pátákó ìpolówó, èkejì á kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹlòmíràn fọwọ́ tẹ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi ìdọ́gba tuntun há àárín, ó tún àwọn nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n kò rántí àwọn tó wà nínú àlàyé. Ó kọ ọ́ pé "gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú ìdọ́gba keje", ìdọ́gba keje sì ti di ohun mìíràn pátápátá. Odindi kíláàsì há a sórí bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, òun náà sì fún wọn ní máàkì. Nígbà tí mo pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, ó ní kí n má ṣe ìlara.

Ìyàwó mi kì í fọwọ́ tẹ nọ́ńbà. Àṣẹ ni a máa ń kọ sínú ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń to ìṣirò. Yóò fi àmì kékeré kan síwájú àmì ìdọ́gba nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì to àwọn àmì ìdọ́gba náà sábẹ́ ara wọn gbọọrọ, bó ti wù kí ohun tó wà lápá òsì gùn tó.

"Ojú ọmọ tó ń kàwé, ewúrẹ́ ni," ló máa ń wí. "Àmì ìdọ́gba ni èèkàn. Ẹ fa èèkàn tu, kí ẹ wá máa wá ewúrẹ́ yín kiri ìgboro Ṣàngó."

Ní ti nọ́ńbà, yóò sọ ìdọ́gba lórúkọ nínú àṣẹ rẹ̀, orúkọ yẹn ni yóò sì fi pè é níbikíbi tó bá ti fẹ́ tọ́ka sí i. Kọ̀ǹpútà ni yóò fi nọ́ńbà tó tọ́ rọ́pò orúkọ nínú ìwé tó bá jáde. Bí ìdọ́gba bá ṣípò, nọ́ńbà á bá a ṣípò níbi gbogbo. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí a máa fún ìdọ́gba ní orúkọ tó bá ìṣirò mu. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà ló fi ń sọ wọ́n, bí a ti ń wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ gáàsì-tán. Ọ̀kan ń jẹ́ òjò. Ọ̀kan ń jẹ́ pásítọ̀-dé, nítorí ọ̀sán tí pásítọ̀ àdúgbò wá gbàdúrà fún wa láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pè é.

"Níbo lo fi gáàsì-tán sí?" ni mo máa ń bi í.

"Ó wà ní orí kẹta, ó jókòó jẹ́ẹ́."

"Mo fẹ́ kó ṣáájú òjò."

"Ẹ lọ bá òjò sọ ọ́."

Ohun kan wà tó máa ń ṣe tí kò yé mi. Bó bá tẹ bọ́tìnì pé kí ìwé jáde sójú kọ̀ǹpútà, yóò dúró díẹ̀, yóò sì tún un tẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ ló ń gbọ́ orúkọ. Ìgbà kejì ló ń dáhùn." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lọ́jọ́ àgbàdo yẹn, orí kẹsàn-án, èyí tó kẹ́yìn, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó padà jókòó tí iná tún lọ. Ó ní òun ó máa bá a lọ lọ́la, ó jáde lọ kó aṣọ lórí okùn. Nírọ̀lẹ́ ó ní orí ń fọ́ òun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Ìjọ ló ṣètò ìsìnkú. Wọ́n gbé ìwé ètò ìsìn fún atẹ̀wé kan lẹ́bàá títì ní Ṣàngó, ẹni tó ń tẹ ìwé fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àgbègbè wa: ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìkórè, ìwé òkú. Ó fi òdòdó aláwọ̀ wúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ sí àárín, láti orí orúkọ ìyàwó mi dé orí ẹsẹ orin tó kẹ́yìn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ì bá sọ pé kò gún ni wọ́n fẹ́ sin.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa ti padà síbi iṣẹ́ wọn, díìnì wa pè mí. Àbúrò pátápátá ni sí mi, ó kàwé, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò. Ó ní yunifásítì fẹ́ pàtẹ ìwé àwọn olùkọ́ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tiwa sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí n gbé orí kẹsàn-án tí mo fọwọ́ kọ fún atẹ̀wé Ṣàngó kó bá wa tò ó. Mo gbé e fún un. Nígbà tó ránṣẹ́ pé ó ti ṣetán, mo lọ wò ó.

Ó fún mi ní àga, ó ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí a lè gbọ́ ara wa, ó tẹ́ bébà síwájú mi bí ẹni tẹ́ aṣọ tuntun. Òdòdó wúrà wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òdòdó ìyàwó mi ni.

"Dádì, ó lẹ́wà àbí kò lẹ́wà?"

"Kí ló dé tó o kó gbogbo rẹ̀ sáàárín?"

"Àárín ni ọlá máa ń wà, sà. Ṣé ẹ ti rí ìwé ìgbéyàwó tí wọ́n ti orúkọ ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ kan rí?"

"Ìdọ́gba kì í ṣe ìyàwó."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà fẹ́ kó dùn-ún wò."

Nítorí pé ìlà kọ̀ọ̀kan wà láàárín, tí wọn kò sì gùn bákan náà, kò sí àmì ìdọ́gba kan tó wà lábẹ́ èkejì. Ọ̀kan yà sọ́tùn-ún, ọ̀kan yà sósì, bí ọ̀mùtí tó ń wá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Nọ́ńbà wà lápá òsì, pẹ̀lú àmì ìdánudúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ìka lé ọ̀kan.

"Ìdọ́gba kelòó nìyí?"

"Ẹ̀kẹrin, sà."

"Èyí tó wà lójú ewé kejì yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀kẹrin náà ni."

"Bí mo bá ní kí ọmọ lọ wo ìdọ́gba kẹrin, èwo ni yóò wò?"

"Ojú ewé yàtọ̀ sí ojú ewé, sà. Orin wo lẹ ti rí tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní?"

N kò rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti to orin títí, ohunkóhun tó bá wá sọ́wọ́ rẹ̀, orin ni. Bí mo bá gbé ìwé òfin ìrìnnà ọkọ̀ fún un, yóò fi ègbè sí i.

Mo gbé bébà náà padà sọ́dọ̀ díìnì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni wo ọkọ̀ tí kò fẹ́ rà.

"Bàbá, ta ló máa wo àmì ìdọ́gba? Àwọn àlejò á ṣí i, wọ́n á rí fọ́tò àwọn ọ̀gá wa níwájú, wọ́n á pa á dé."

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?"

"Àwọn yẹn á há a sórí. Bí Ọlọ́run bá ti wà nínú iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á gún."

"Ìdọ́gba kẹrin méjì ló wà níbẹ̀."

"Inú yín ṣì bàjẹ́ ni, sà. Ó yé mi."

"Inú mi bàjẹ́. Ìyẹn kò sọ ìkẹrin méjì di ọ̀kan."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ èyí tí mo bẹ̀rù. Ó ní ìwé kò gbọ́dọ̀ rí lọ́nà méjì. Bí n kò bá fẹ́ iṣẹ́ atẹ̀wé, kí n gbé orí kẹsàn-án tó bá mẹ́jọ yòókù mu wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, atẹ̀wé yóò tú orí mẹ́jọ tí ìyàwó mi tò, yóò sì tún wọn tò bíi tirẹ̀, tòdòdótòdòdó. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn rí.

Mo parí orí náà kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Díìnì gbà á láìṣí i wò, atẹ̀wé sì kó òdòdó rẹ̀ lọ sínú ìwé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Mo jókòó sórí àga ìyàwó mi, mo ṣí orí kẹsàn-án síbi tó dúró sí. Ìdọ́gba onílà mẹ́rin ló ń tò. Ó ti to ìlà méjì. Ìlà kẹta dé ibi àmì ìdọ́gba, ó dúró. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n kò parí rẹ̀.

Mo ṣí orí kẹjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wo bó ṣe kọ àṣẹ tirẹ̀, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìka kan. Mo parí ìlà kẹta. Mo kọ ìkẹrin. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì, àwọn ìlà méjèèjì wọ inú ara wọn, nítorí mo gbàgbé àmì tó ń parí ìlà. Iṣẹ́ atẹ̀wé Ṣàngó gẹ́lẹ́. Mo bú ara mi ní gbogbo orúkọ tí mo ti sọ ọ́, mo tún un ṣe. Àmì ìdọ́gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá dúró sábẹ́ ara wọn. N kò gba ojú mi gbọ́, mo fi etí bébà kan wọ̀n wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n gún.

Ó ku orúkọ, nítorí kò tíì sọ èyí lórúkọ. Mo tẹ agbado, láìsí àmì ohùn, bí òun náà ṣe máa ń kọ wọ́n, mo sì fi orúkọ kan náà sínú gbólóhùn ìsàlẹ̀ tó tọ́ka sí i. Mo tẹ bọ́tìnì. Nọ́ńbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdọ́gba bó ti yẹ, 9.4, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn ìsàlẹ̀ àmì ìbéèrè méjì ló wà, dúdú kirikiri. Mo wo orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Kò yàtọ̀. Mo ti ń dìde láti pa ẹ̀rọ náà kí n tó rántí ohun tí ìyàwó mi máa ń ṣe.

Mo padà jókòó, mo tún un tẹ̀, mo dúró. Àmì ìbéèrè méjèèjì lọ, 9.4 sì wà níbẹ̀.