Ọkùnrin Tó Ń Lé Èèyàn Kúrò Nínú Òdòdó

Eyín àwọn èèyàn ni Reinout tó jẹ́ dókítà eyín fi gbogbo agbára rẹ̀ yọ nílùú Hillegom. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra kámẹ́rà kan tó wọ́n ju ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ, ó dá irùngbọ̀n sí, ó sì kéde pé oníṣẹ́ ọnà ni Ọlọ́run dá òun, eyín ló kàn dí òun lọ́nà.

Òdòdó túlíìpù nìkan ló ń yà ní fọ́tò. Bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí oko wá tẹ́ rẹrẹ bí ẹní, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò, á gun kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀. Aleid ìyàwó rẹ̀ á gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì tẹ̀lé e, nítorí ẹni tó ń wá ẹwà kiri kì í rántí oúnjẹ, àfi tébi bá pa á, ìyàwó ló sì máa jẹ̀bi.

Reinout kò fẹ́ rí èèyàn nínú fọ́tò rẹ̀. Ó ní èèyàn ń ba òdòdó jẹ́. Ó lé àwọn àlejò tó wá wo òdòdó, ó sì lé Krelis tó ni oko.

"Dókítà, èmi ni mo gbìn ín o," Krelis sọ.

"Mo mọ̀. Ṣáà sún sẹ́yìn díẹ̀."

Ṣùgbọ́n Aleid ló lé jù.

"O tún ti wọ inú fọ́tò. Aṣọ òjò búlúù yẹn ń pariwo, Aleid."

"Òjò ló ń rọ̀, Reinout. Ṣé kí n bọ́ ọ kó lè dákẹ́ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo oko, yẹtí Aleid jábọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sínú poro, ó ń wá a. Reinout kò rí i. Òdòdó ló ń wò. Ó ya fọ́tò náà, ó sì fi ránṣẹ́ síbi ìpàtẹ fọ́tò kan ní Leiden. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, obìnrin kan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà dúró níwájú fọ́tò náà, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ wo nǹkan búlúù tó tẹ̀ ba yìí. Ìdánìkanwà ọmọ aráyé nìyí."

Reinout wo fọ́tò náà. Ó mọ aṣọ náà.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó," ló wí.

"Yẹtí mi ni mò ń wá," Aleid sọ lẹ́yìn wọn.

Obìnrin náà yíjú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ń dí fọ́tò yìí."

Báyìí ni Reinout di gbajúmọ̀. Wọ́n ní kó tún ya irú rẹ̀ wá. Nígbà tí túlíìpù tún tanná, ó wá fi ohùn tútù bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Aleid, wá bá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóko."

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ Wietske àbúrò mi ní Groningen. Bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ."

Reinout wọ aṣọ òjò ìyàwó rẹ̀, kò pa dé níkùn. Ó dọ́gbọ́n kí kámẹ́rà dá fọ́tò yà, ó sáré wọ poro, ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gan síbẹ̀. Krelis gbé ẹ̀rọ tó fi ń bẹ́ orí òdòdó dé, èyí tó ń lò kí isu túlíìpù tó ń tà lè tóbi nínú ilẹ̀.

"Dókítà, kí lẹ sọ nù?"

"Mi ò lè nàró, Krelis."

Krelis fi ọmọlanke gbé e kọjá níwájú àwọn àlejò, gbogbo wọn sì yà á ní fọ́tò.

Ó tẹ Aleid láago látorí ibùsùn. Aleid bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní ó ń dùn òun gan-an. Aleid ní kó pẹ̀lẹ́, ó ní òróró ìpara wà lábẹ́ ibi ìfọwọ́, ó sì yíjú sí Wietske, ó bi í bóyá kọfí ṣì kù.