Obìnrin Tó Fọ́ Nínú Iná

Kò sí ìdílé kan lẹ́sẹ̀ òkè oníná tí Utiama kò mọ ère tọkọtaya fún, síbẹ̀ ti ilé tirẹ̀ kò pé.

Ìgbà ìgbéyàwó ni wọ́n ń mọ ère náà nílùú wọn, ọkọ àti ìyàwó, amọ̀ kan náà, iná kan náà. Nígbà tí ẹnì kan bá ṣaájú kú nínú wọn, wọn á gbé ère méjèèjì tì í nínú yàrá òkú ìdílé ọkọ, nísàlẹ̀ ihò jíjìn. Ìyàwó tí ère rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ ti ní àyè. Èyí tí tirẹ̀ kò bá sí, ilé bàbá rẹ̀ ni wọn yóò gbé òkú rẹ̀ padà sí.

Nígbà tí Utiama ń mọ tirẹ̀, ayọ̀ ìyàwó ń pa á bí ọtí. Ère tí inú rẹ̀ ṣófo gbọ́dọ̀ ní ihò tí ooru yóò gbà jáde. Ó lu ti ọkọ sí etí, ó gbàgbé etí ère tirẹ̀. Nínú iná, obìnrin náà dún gbòà, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Kupima, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ní, "Amọ̀ ti sọ tirẹ̀. Èyí ò ní kalẹ́ nílé wa."

Matsuwa ọkọ rẹ̀ ṣa àpáàdì náà sínú igbá, ó so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé. "Ṣé kí wọ́n lè sọ pé ìyàwó mi fọ́, mo kó o dà sórí ààtàn?"

Igbá náà wà níbẹ̀ títí orí àwọn méjèèjì fi funfun. Utiama bímọ, ó tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ dójú ikú. Síbẹ̀, bí ata bá ta Kupima lẹ́nu báyìí, á ní, "Ìyàwó wa àti iná rẹ̀!"

Ikọ́ ló pa Matsuwa. Wọ́n ṣí ihò ìdílé, Kupima tó jẹ́ àgbà ilé sì pàṣẹ pé ère àbúrò òun nìkan ni yóò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ òmíràn kí ọ̀fọ̀ tó parí."

"Pẹ̀lú amọ̀ tuntun? Àbí o fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn fún òkú ni?"

Utiama já igbá náà sílẹ̀, ó da àpáàdì sórí ọlọ àgbàdo. Kò sí amọ̀kòkò ìlú náà tí kì í lọ àpáàdì mọ́ amọ̀ tútù kó lè lágbára. Àpáàdì ló tó ko iná lójú.

"Òun nìyí, ẹ̀gbọ́n. Amọ̀ ọjọ́ náà, iná ọjọ́ náà. Ojú yín ló ṣe."

Kupima wo ọlọ náà títí. "Tó bá tún fọ́, o ò ní bẹ̀ mí mọ́."

"N ò ní bẹ̀ yín."

Utiama kò mọ ère ọmọge. Ìyá arúgbó ló mọ, ọmú ti wálẹ̀, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lu etí rẹ̀ tán, ó ní kí Kupima wá wò ó. Kupima ti ẹ̀gún bọ ihò náà. "Ihò yìí kéré," ló wí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fẹ̀ ẹ́.

Àwọn méjèèjì jọ jókòó ti iná. Nǹkan kan ta pàà, Utiama fò dìde.

"Igi ni," Kupima wí. "Fara balẹ̀."

Obìnrin náà jáde ní pupa, ara rẹ̀ dá ṣáká. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin.

"Ẹ wo àbúrò mi, ó gbé ìyá rẹ̀ níyàwó!" Kupima rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Utiama bá a sun ún.

Nígbà tí wọ́n sọ ère méjèèjì kalẹ̀, Kupima kúnlẹ̀ létí ihò, ó kígbe sí àwọn tó ń tẹ́ òkú nísàlẹ̀:

"Ẹ sún Matsuwa mọ́ ògiri díẹ̀ sí i! Ibi tí ìyàwó wa máa sùn dà?"