Àárọ̀ Tí Àwọn Olè Ti Kọ̀ǹpútà Wa Pa

Òórùn páálí àti oògùn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Chikaji, ní Zaria. Láti ibẹ̀ la ti ń kó oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn, èmi ni mo sì ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, mo rò pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Mo máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ ni mo ń kó o sí, wáyà kan náà ló so méjèèjì pọ̀.

Bàbá Ìlọrin tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù bi mí níbi tí ẹ̀dà náà wà. Nígbà tí mo fi hàn án, ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, àgbẹ̀ kì í kó gbogbo irúgbìn sínú aká kan. Bí iná bá mú un ńkọ́?”

Ó dùn mí. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi kí i dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀dà sórí díìsìkì tí mo máa ń yọ, tí ọ̀gá wa obìnrin ń tì mọ́nú àpótí nílé rẹ̀ ní GRA. Mo tún ní kí gbogbo wa máa fi bírò àti ìwé ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣooṣù, bíi pé kọ̀ǹpútà ti kú. Wọ́n kùn, wọ́n sọ mí ní “Malama Takarda”, olùkọ́ oníwèé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé wa sáré wọlé, omi lójú rẹ̀. “Wayyo! Mo ṣí lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà tó jọ ti oníbàárà wa, gbogbo nǹkan ti tì pa!” Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ti àkọsílẹ̀ wa pa, wọ́n kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé ká san owó ìtúsílẹ̀.

“Ẹ yọ gbogbo wáyà!” ni mo ké.

Kò pẹ́ tí ilé ìwòsàn kan fi pè: ọmọdé kan nílò abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà kíákíá. Ọ̀gá wò mí. “Ṣé ó ti parí nìyẹn?”

“Rárá, mà. Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé jáde.”

Ẹnì kankan ò béèrè ohun tó yẹ kó ṣe. Bàbá gbé abẹ́rẹ́ jáde nínú fìríìjì, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, mọ́tò sì gbéra kí oòrùn tó mú. Ọmọ náà yè. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti nu àwọn kọ̀ǹpútà mọ́, mo ti dá àkọsílẹ̀ padà láti orí díìsìkì. A ò fún olè ní kọ́bọ̀. Akọ̀wé ń retí ìbáwí, ṣùgbọ́n mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé bó ṣe tètè sọ ló gbà wá.

Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ látìgbà náà, wọ́n ti yìn mí níwájú èrò. Síbẹ̀, orí mi kì í wú tó ìgbà tí mo bá rántí ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀ yẹn, tí gbogbo wa ń kọ̀wé, tí ẹ̀rù ò ba ẹnì kankan mọ́.