Òkúta Inú Amọ̀ Etí Odò Piave

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Hùmúàní fi ṣa òkúta inú amọ̀ náà. Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, láàárín àwọn obìnrin amọ̀kòkò, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé òkúta kan ṣoṣo tó láti fọ́ ìkòkò nínú iná. Nítorí náà, nígbà tó ríṣẹ́ lọ́dọ̀ Chiara, obìnrin kan tó ń fi amọ̀ ṣe ère lẹ́bàá Treviso ní ilẹ̀ Ítálì, tó sì rí i pé amọ̀ tí wọ́n ń bù wá láti etí odò Piave kún fún òkúta wẹ́wẹ́, àánú ọ̀gá rẹ̀ ṣe é.

Oṣù kan ni Chiara fi ń dán an wò. Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù náà pé. Bí Chiara bá fọwọ́ sí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, Hùmúàní á lè tún permesso rẹ̀ gbà, ìwé tó fún un láyè láti máa gbé ìlú náà. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò mọ ibi tí òun yóò yà sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, Chiara ki ọwọ́ bọ inú amọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àwọn òkúta dà?"

"Mo ti ṣà wọ́n tán, signora. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó jọ̀lọ̀ bí òrí."

"Níbo lo dà wọ́n sí?"

"Ojú ọ̀nà iwájú ilé, níbi tí mọ́tò yín ti máa ń rì."

Chiara jókòó lé garawa kan. Ó ní ọdún méje ni òun fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá amọ̀kòkò kan ní ilẹ̀ Japan. Bàbá náà ló kọ́ òun pé ohun tí ilẹ̀ bá ní nínú, kí òun má yọ ọ́. Bí iná bá mú ère, òkúta á yọjú síta, á funfun bí eyín, ara ère á sì sán, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹwà rẹ̀ wà.

"Á sán?" ni Hùmúàní wí. "Ẹ ó mọ nǹkan, á sán, ẹ ó wá máa yọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn tó ń rà á ńkọ́? Ṣé wọn ò ríran ni?"

Chiara bú sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Hùmúàní kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ náà kò dá a lójú, nítorí kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an.

Chiara fà á dìde. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí ìwé.

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Ẹni tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣa òkúta, tí kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó lọ."

Nínú bọ́ọ̀sì, Hùmúàní pe ọkọ rẹ̀, Saifullah.

"Bàbá Nadirah, wọ́n ti gbà mí o, ìwé wà lọ́wọ́ mi."

"Alhamdulillahi! Kí lo ṣe tí inú wọn fi dùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́."



"Ìyá Nadirah, jọ̀ọ́, tún ìwé yẹn kà dáadáa."